Ọ̀nà méjì tó ń gba orí afárá kan náà

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sínú yàrá mi ní Ìbàdàn, mo ń tún ètò ráútà wa kan ṣe lórí òkè tó wà lẹ́bàá Ṣakí. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Rédíò la fi ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òkè kan bọ́ sórí òmíràn, gba Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn kọjá, ibi òkè Ṣakí yìí ni ọ̀nà náà sì parí sí. Mo yọ àdírẹ́sì àtijọ́ kúrò lójú rédíò kí n tó fi tuntun sí i. Ìlà méjì péré ni, mo kàn tẹ ìkejì ṣáájú ìkíní. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Kò pẹ́ tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún: ilé ìwòsàn kan, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ọkùnrin kan tó ń ta dátà fáwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọkàn mi ṣì balẹ̀ ní àsìkò yẹn, torí mo gbà pé a ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Ní ọdún tó ṣáájú, èmi fúnra mi ni mo gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù kan sínú kábínẹ́ẹ̀tì náà, mo ki síìmù bọ̀ ọ́, mo so ó mọ́ ráútà, mo sì sọ fún ọ̀gá mi pé bí rédíò bá kú, a ó gba ibẹ̀ wọlé. Mo pe mọ́dẹ́ẹ̀mù náà lóru yẹn. Kò jẹ́ mi lóhùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo ṣí kábínẹ́ẹ̀tì, iná mọ́dẹ́ẹ̀mù ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Mo yọ síìmù, mo ki í bọ fóònù mi. Kò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Wọ́n ti pa láìnì náà. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ni pé láìnì tí wọn kò bá fi ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ fóònù lè pa á. Bó bá tún wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí i, ẹni tó ni ín lè pàdánù nọ́ńbà náà pátápátá. A ra dátà sórí síìmù yẹn lọ́jọ́ tí a gbé e dé, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí n jí i dìde, NIN ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Kánádà ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láìsí ẹni yẹn, kò sí ohun tí mo lè ṣe.

Mo wá ki síìmù tèmi, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, bọ mọ́dẹ́ẹ̀mù, mo sì ṣí ojú ìwé rẹ̀ wò. Àdírẹ́sì tí wọ́n fún un fi 10 bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí síìmù àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ kú, mi ò bá má rí i pè láti Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù náà síbẹ̀, kò ṣiṣẹ́ fún wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀, torí lórí òkè níbẹ̀ ni mo ti dán an wò, mi ò dán an wò láti ilé rí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì yìí, torí òun ló máa ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jù lọ. Àdírẹ́sì IPv4, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ò kárí ayé mọ́, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó oníbàárà púpọ̀ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó bí agbo ilé ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà kan, tí ẹ̀ṣọ́ jókòó síbẹ̀. Bí ọmọ inú ilé bá rán ẹnì kan níṣẹ́ jáde, ẹ̀ṣọ́ rí i nígbà tó ń lọ, á jẹ́ kó wọlé padà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti ìta dé, tó ní òun ń wá ọmọ yín, ta ni kí ẹ̀ṣọ́ pè nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ? Á dá a padà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àdírẹ́sì tó fi 10 bẹ̀rẹ̀ lójú mọ́dẹ́ẹ̀mù, tàbí èyí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, inú agbo ilé lẹ wà. Ẹ má wulẹ̀ jókòó ti port forwarding, ìyẹn ètò tó ń darí àlejò láti ìta wọlé bá ẹ̀rọ kan, kò ní gbé yín débì kankan. Starlink tí gbogbo ènìyàn ń sáré rà báyìí náà ń kó àwọn oníbàárà ilé sínú irú agbo ilé yìí, ó sì tún ń jẹ iná ju mọ́dẹ́ẹ̀mù kékeré lọ fíìfíì.

Ṣíṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ orí òkè fúnra rẹ̀ máa jáde wá pè yín. Ẹ gba séfà kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, tó ní àdírẹ́sì gbangba, kí ẹ̀rọ náà máa fi WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì, pè é, kí ẹ̀yin náà gba ibi séfà yẹn bá a. WireGuard ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yà 5.6 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó sì wà nínú RouterOS 7, ètò tó ń darí ráútà MikroTik tí ọ̀pọ̀ yín ń lò. Ẹ fi PersistentKeepalive sí 25, kí ẹ̀rọ náà máa kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú àáyá márùndínlọ́gbọ̀n síra, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà má bàa gbàgbé rẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé ṣé kíkan ilẹ̀kùn tọ̀sán tòru yìí ò ní jẹ dátà tán. A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Ìkànkùn kan jẹ́ báìtì 60, bí ẹ bá ka orí IP àti UDP, ìyẹn àdírẹ́sì tí a ń kọ sára ẹrù, mọ́ ọn. 3,456 ló ń jáde lójúmọ́, ìyẹn ò ju 0.2MB lọ. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tuntun tí ẹ̀rọ méjèèjì ń pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì ń jẹ tó iye yẹn náà. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ lóṣù kò tó 15MB. Ọ̀gá mi ò bi mí mọ́.

Ohun tó ń jẹ dátà tán ni àwọn oníbàárà. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, rédíò kú lóòótọ́, ráútà sì ṣe ohun tí mo kọ́ ọ: ó darí gbogbo ènìyàn gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Fídíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ti jẹ dátà inú síìmù tán kí n tó jí. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé lọ wo ohun tó ṣe rédíò, kò sí dátà tó máa gbé mi dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn tèmi wà fún àwa tí a ń tọ́jú ẹ̀rọ nìkan. Mo kọ òfin sí ráútà pé ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ oníbàárà wá kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn oníbàárà á bínú fún wákàtí méjì, ṣùgbọ́n ẹ ó lè tún ọ̀nà wọn ṣe.

Ó wá kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ máa yàn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjèèjì bá ń gba orí afárá kan náà, ọjọ́ tí odò bá gbé afárá lọ, ẹ ò ní dé ọjà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yan síìmù, èyí tó yára jù ní ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn ni mo mú. Ibi tí mo jókòó sí ni mo wò, mi ò wo ibi tí ẹ̀rọ wà. Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹn, mo bi bàbá ọdẹ tó ń ṣọ́ òkè náà léèrè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń ṣiṣẹ́ jù níbí?”

“Ẹnjiníà, èyí tí o fi sínú àpótí rẹ yẹn, bí epo bá ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ báyìí, òun ló ń kọ́kọ́ lọ. Èyí kejì yìí ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ mọ́jú.”

Mo gbójú sókè wo òpó. Èrìyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo yàn wà lórí òpó kan náà tí rédíò wa wà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún wọn níná ló ń fún wa, bátìrì tiwa kì í sì í gbé wa ju wákàtí mẹ́ta lọ. Epo tó bá tán á pa àwa àti ọ̀nà ẹ̀yìn wa pọ̀. Ẹ má rò pé orúkọ tó yàtọ̀ lára síìmù túmọ̀ sí òpó tó yàtọ̀. Ní 2014, MTN kó àwọn òpó rẹ̀ ní Nàìjíríà sọ́wọ́ IHS, ilé-iṣẹ́ tó ń fi òpó háyà. Ní 2015, Airtel ta púpọ̀ nínú tirẹ̀ fún American Tower, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà. Wọ́n ń háyà òpó ni báyìí, bí àwa náà ṣe ń háyà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lè máa mu dísẹ́ẹ̀lì nínú táǹkì kan ṣoṣo. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ wo òpó tí èrìyá kọ̀ọ̀kan wà, ẹ sì bi ẹni tó ń sùn síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń wọn agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má ka ọ̀pá mẹ́rin ojú fóònù. Ẹ wo RSRP, nọ́ńbà tó ń sọ bí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó; bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe ń dára tó. Bí ó bá wà ní nǹkan bí -85, ó dára. Tó bá ti sún mọ́ -110, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́jọ́ òjò. Kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì dé kí ẹ tó kà á. Mo ka -92 nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, inú mi dùn. Mo pa irin yẹn dé, ó já sí -109. Èrìyá kékeré tí a gbé sórí kábínẹ́ẹ̀tì níta, pẹ̀lú wáyà tí kò gùn, ló tán ìṣòro yẹn. Mọ́dẹ́ẹ̀mù náà ti ní bátìrì kékeré tirẹ̀ báyìí, tó lè gbé e fún ọjọ́ kan gbáko. Bí gbogbo nǹkan tó kù bá kú, ó kéré tán, ẹ ó mọ̀ bóyá iná ló lọ tàbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹ ò ní gbé ráútà tuntun lọ sí Ṣakí nígbà tó jẹ́ pé gálọ́ọ̀nù epo ni wọ́n nílò.

Afárá mìíràn tún wà tí mi ò rí títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní tòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì já tàbí kó máa falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mọ́dẹ́ẹ̀mù orí òkè ń bẹ láàyè, síìmù ń bẹ láàyè, dátà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n séfà tó ń pè wà ní Jámánì. Èmi wà ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ wà ní Ṣakí, a sì ń rìn gba Yúróòpù kí a tó ríra. A ti gbé séfà náà wá sí Èkó, síbi tó ti ń bá àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé pàdé ní IXPN, ibùdó tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ń so pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ti owó ò gùn. Ẹ ra dátà tó ń pẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, kí ó máa tún ara rẹ̀ rà, kí owó tó lè rà á lẹ́ẹ̀mejì sì máa wà lórí láìnì nígbà gbogbo. Dátà ọlọ́jọ́ kan tó pọ̀ tó sì pọ́ọ́kú kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ forúkọ síìmù sílẹ̀, ẹ má fi ti òṣìṣẹ́ kankan. Nígbà tí NCC fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí owó ìpè àti dátà lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ gé kúrò nínú ìnáwó wa ni síìmù tí kò sẹ́ni tó ń lò. Mo mú ìwé owó ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ṣakí wá, àti ti epo, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó dátà ọdún kan. Wọn ò gé e.

Ẹ rí i pé mọ́dẹ́ẹ̀mù tí ẹ rà lè gba àṣẹ nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́, láti orí nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ tí dátà kọ̀ jálẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣì lè wọlé kí ó pa ráútà, kí ó sì tún un tàn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò ráútà MikroTik láti òkèèrè, ẹ tan Safe Mode: bí ọ̀nà bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ráútà á dá ohun tí ẹ yí padà sí bó ṣe wà. Ó wà níbẹ̀ ní alẹ́ tí mo sọ yẹn, mi ò kàn tàn án ni.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó mu tíì, mo máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ gbogbo kábínẹ́ẹ̀tì wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ilé. Mo ń wo iye dátà tó kù, RSRP, àti iná bátìrì, mo sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì Ṣakí, ẹ ó rí bébà kan tí mo fi sẹ́lótéépù lẹ̀: nọ́ńbà síìmù, orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí a rà á, àti nọ́ńbà bàbá ọdẹ. Báírò ni mo fi kọ ọ́. Ẹ bá mi fi nọ́ńbà tiyín kún un bí ẹ bá débẹ̀.