Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí kò lè sọ pé "kò sí"

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti ń fi ara rẹ̀ jìn kọjá ààlà, n kì í wo bó ṣe ń fúnni. Bó ṣe ń gbà ni mo máa ń wò. Ẹ ra súyà fún un, kò tíì jẹ ẹ́ tán tó ti ń ro ohun tí òun náà máa rà fún yín. Ara rẹ̀ ò yá, ẹ ní kí ẹ gbé oúnjẹ wá fún un, á ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, ó ti ń lọ." Ẹ ní kí ẹ bá a fọ abọ́, á gba abọ́ náà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn ṣáà sọ pé oògùn òun ti tán, kó tó parí ọ̀rọ̀, owó ti wọ àkáǹtì rẹ̀.

Mi ò sọ pé inú rere ni àìsàn o. Ẹni tó ń fúnni, tó sì mọ bí a ṣe ń gbà, tó lè sọ pé "kò sí" lónìí kó sì sùn wọra, kò sóhun tó ṣe é. Ẹni tí fífúnni ti di dandan fún ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá ti gbé ti ẹlòmíràn rù.

Ní 1987, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìwà kan tó fara jọ èyí, ti ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ níbi, sí àfikún ẹ̀yìn ìwé àìsàn wọn, DSM-III-R. Àwọn kan ta kò ó. Wọ́n ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù nílé ni wọn yóò máa fi orúkọ yẹn pè, bí ẹni pé òun ló fẹ́ ìyà. Nígbà tí ẹ̀dà ìwé náà tó tẹ̀ lé e, DSM-IV, jáde ní 1994, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìwà tí a kọ́ ni, ohun tí a sì kọ́, a lè tún un kọ́. Èyí tó wúlò fún wa jù ni iṣẹ́ Vicki Helgeson àti Heidi Fritz, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ya oríṣi méjì sọ́tọ̀: ẹni tó ń ṣìkẹ́ ẹlòmíràn, àti ẹni tó ń ṣìkẹ́ ẹlòmíràn tó wá pa ara rẹ̀ tì pátápátá. Ẹni kejì ni ìdààmú ọkàn ń bá jà. Ìyẹn ni pé ìtọ́jú tí ẹ ń ṣe fún ìyá yín kọ́ ló ń pa yín. Oògùn tiyín tí ẹ ò rà nítorí rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ọ kò jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń wẹ àbúrò méjì kó tó lọ sílé ìwé, tó ń dá bàbá àti ìyá lẹ́kun nígbà tí wọ́n bá ń jà, tí kì í béèrè nǹkan kan, wọ́n á máa kì í pé "ọmọ dáadáa, kò ní wàhálà." Ó gbọ́ oríkì yẹn títí ó fi gbà pé nítorí pé òun wúlò ni wọ́n ṣe fẹ́ràn òun. Nígbà tó bá dàgbà, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá nílò rẹ̀, ẹ̀rù á máa bà á. Àwọn àkọ́bí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ó sì yé mi ìdí. Ọ̀dọ̀ obìnrin ni iṣẹ́ ilé sábà máa ń lọ.

Ẹ mọ irú èyí tí tiyín jẹ́, nítorí oògùn wọn kò dọ́gba. Jeffrey Young, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ya méjì sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń ṣe é nítorí ìbẹ̀rù: ó ń bẹ̀rù ìbínú, èpè, àti kí wọ́n má baà ní ó ti gbàgbé ilé. Èkejì ni ẹni tí àánú ń lé. Ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè, ojú ẹlòmíràn kàn fà ro, òun náà ti ń wá owó. Ẹ bi ara yín léèrè pé, "Bí n kò bá ṣe nǹkan yìí, kí ni mò ń bẹ̀rù, ìbínú wọn tàbí ìyà wọn?" Bó bá jẹ́ ìbínú, ẹnu yín ló nílò ẹ̀kọ́: bí a ṣe ń sọ ọ́ jáde. Bó bá jẹ́ ìyà wọn, ẹsẹ̀ yín ni, kó kọ́ bí a ṣe ń dúró kí wọ́n tó pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní díẹ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń borí.

Àmì kan wà tí mo ka sí ju àwọn yòókù lọ, ìbínú abẹ́lẹ̀ ni. Ẹ bá ara yín tí ẹ ń ka oore lọ́kàn lóru: "Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún wọn!" Ẹni tó fúnni láti inú ẹ̀kún rẹ́rẹ́ kì í ṣe ìṣirò. Bí ìṣirò bá ti bẹ̀rẹ̀, inú ohun tí ẹ ò ní ni ẹ ti ń fún wọn.

Ibi tí mo ní kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ẹ kọ ọjọ́, ẹni tó béèrè (bí kò bá sí ẹni tó béèrè, ẹ kọ "èmi ni"), ohun tí ẹ ṣe, iye owó tàbí wákàtí tó gbà, àti ohun tiyín tí ẹ pa tì nítorí rẹ̀. Ibi kẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì, òun náà ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Àwọn kan á kọ owó nìkan, wọ́n á gbàgbé wákàtí méjì tí wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ ọkọ àti aya lórí fóònù. Àwọn mìíràn á dúró di òpin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́, tí owó kékeré á ti pòórá lọ́kàn wọn. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kì í dunni, ṣùgbọ́n ₦24,000 ni lóṣù. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó sùn.

Owó ló kù, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń gba ₦250,000 lóṣù ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ya ₦40,000 sọ́tọ̀ fún owó ilé ọdún tó ń bọ̀, ọkọ̀ ń gba ₦45,000, oúnjẹ ₦80,000, iná àti dátà ₦20,000, ìlera ₦10,000, ìfowópamọ́ ₦25,000. Ó kù ₦30,000. Èyí ni owó ẹbí. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni kó ti gbé e lọ sí àkáǹtì mìíràn, kó yọ ₦20,000 fún àwọn tó mọ̀ dájú, bíi ìyá rẹ̀ nílé, kó fi ₦10,000 sílẹ̀ fún ohun tó bá yọjú. Bí ₦10,000 yẹn bá tán ní ọjọ́ kejìlá oṣù, ó tán nìyẹn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ yín di òtítọ́. "Ti oṣù yìí ti tán" kì í ṣe irọ́ mọ́, ẹ ò sì ní máa wárìrì bí ẹ bá ń sọ ọ́.

Iye yín lè yàtọ̀, ètò náà kò gbọdọ̀ yí padà: ilé, oúnjẹ, ìlera yín ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá fi owó ẹbí ṣáájú á padà yá owó lórí áàpù ní ọjọ́ ogún oṣù, èlé rẹ̀ á sì jẹ èyí tó fẹ́ fún ẹbí lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ tún pinnu ohun tí ẹ ń pè ní pàjáwìrì kí ó tó ṣẹlẹ̀. Tèmi ni ilé ìwòsàn, oògùn tí ènìyàn kò lè ṣe aláìlò, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde nílé. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀. Àríyá ogójì ọjọ́ kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé, ẹ san án sí àkáǹtì ibẹ̀ gan-an. Tí ẹnì kan bá fẹ́ yá owó, ẹ má yá a ju iye tí ẹ lè fi ta á lọ́rẹ lọ, nítorí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lè lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ó wá kan bí a ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ìwé òyìnbó á ní kí ẹ kàn sọ pé "rárá," kí ẹ má ṣàlàyé. Ẹ dán an wò fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín, kí ẹ wo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń dá àgbà lóhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè: "Mo ti gbọ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n wo bí nǹkan ṣe rí, màá pè yín lálẹ́ ọ̀la." Lálẹ́ ọ̀la, ẹ pè wọ́n lóòótọ́, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ má bínú sà, ₦10,000 ni agbára mi ká lóṣù yìí." Tàbí: "Ẹ má bínú sà, kò ní ṣeé ṣe lóṣù yìí." Kí ẹ wá dákẹ́. Ibi ìdákẹ́ yìí ló le jù. Ẹni tí kò lè sọ pé "kò sí" máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ilé, owó ọkọ̀, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá sì kà ni wọ́n á dúnàádúrà lé lórí: "Ṣé onílé yín ò lè fún yín lọ́sẹ̀ méjì ni?" Ẹ má sì purọ́. Irọ́ nílò ìtọ́jú ju òtítọ́ lọ. Bí ẹ ò bá pè ní ọjọ́ tí ẹ dá, wọ́n á ní ẹ ń sá, ẹ̀bi tó bá sì dà bò yín nítorí ìyẹn lè mú kí ẹ fún wọn ní ìlọ́po méjì.

Fún ẹgbẹ́ yín, kò nílò ọjọ́ méjì. "Mi ò ní lè ṣe é" ti tó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́, àyà yín á máa já, ẹ̀bi á mú yín bí ẹni pé ẹ jalè. Ẹ má fi owó pa á. Ẹ jẹ́ kó jà, kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá padà pè ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ pé ẹ ti rí i, ẹ ti kọ́ wọn pé "kò sí" yín túmọ̀ sí "ẹ tún béèrè." Ẹ sì mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ìbéèrè máa ń pọ̀ sí i kó tó dínkù. Àwọn ènìyàn ń dán ilẹ̀kùn tó ti máa ń ṣí wò ni. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń bínú, tí wọ́n á dí nọ́ńbà gbogbo ẹbí, tí wọ́n á sì ní àwọn ti rí ìwòsàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ojú á kán wọn, wọ́n á padà pẹ̀lú owó ńlá láti fi tọrọ àforíjì.

Ìtọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn ní tirẹ̀. Bí rọpárọsẹ̀ bá ṣe bàbá, ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pe àwọn àbúrò: wíwẹ̀, oògùn àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ klíníkì, oúnjẹ, sísùn tì wọ́n, owó. Ní ìpàdé, ẹ ka iṣẹ́ kan, kí ẹ béèrè ẹni tó máa gbé e. Gbogbo ilé á dákẹ́. Ẹnu yín á máa yún yín láti sọ pé "ẹ fi sílẹ̀, màá ṣe é." Ẹ má sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan kọjá, ẹnì kan á wúkọ́, á sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lókè òkun tó ní owó lòun máa san, ẹ gbà á, kí ẹ fi gba ẹni tó máa sùn tì wọ́n ní òru mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà tí àbúrò bá wẹ bàbá tán tí kò fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn dáadáa, ẹ má tún un ṣe lójú rẹ̀. Bí ẹ bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ náà ti padà di tiyín.

Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ń pè ní Care Act ti 2014 fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní ẹ̀tọ́ pé kí káńsù wá wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ nílò. Owó Carer's Allowance náà wà fún ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú ó kéré tán wákàtí 35 lọ́sẹ̀, bó bá bá àwọn ìlànà yòókù mu. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Wọ́n á ní, "Ìyá mi ni, kì í ṣe iṣẹ́." Ìyá yín ni lóòótọ́, ẹ̀yìn yín náà sì ń dùn yín.

Ẹ tún máa kọ́ gbígbà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ bẹ ẹnì kan ní ohun kékeré: kó bá yín ra búrẹ́dì bọ̀, kó bá yín gba ọmọ nílé ìwé. Ẹ sọ pé "ẹ ṣé," kí ẹ má sì san án padà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí èyí le fún ju kíkọ̀ fún bàbá lọ.

Bí ìbànújẹ́ bá bá yín fún ọ̀sẹ̀ méjì lójoojúmọ́, tí oorun ò wá tàbí tí oúnjẹ ò lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ ń ronú pé ó sàn kí ẹ má jí, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì dá nìkan wà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò wà ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá wà ní Èkó, UCH ní Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ẹ bá kọ̀ fún máa ń lu yín, ìmọ̀ràn orí owó àti àkáǹtì kọ́ ló kàn. Ibi ààbò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ó ku oṣù Kejìlá. Oṣù mọ́kànlá ni ènìyàn á fi ṣe dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin nílé á bà á jẹ́. Láti oṣù Kẹwàá ni kí ẹ ti ya owó ọdún sọ́tọ̀, kó yàtọ̀ sí owó ẹbí. Ẹ kó o sínú àpò ìwé, ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ fi márùn-ún sílẹ̀ láìkọ orúkọ fún àwọn tí ẹ ò retí. Ẹ má gbé káàdì ATM lọ sí ibi àríyá. Bí àpò ìwé márùn-ún náà bá tán, ẹ kí ẹni tó bá tún dé, ẹ bu oúnjẹ fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé ti ọdún yìí ti tán.