Motorhome, caravan tàbí camper trailer: ẹ jẹ́ kí ọ̀nà bá yín yàn

Ẹni tó bá fẹ́ rin Ọsirélíà já, tó sì fẹ́ máa sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú sí, ohun mẹ́ta ló máa bá lọ́jà. Motorhome ni ọkọ̀ tí ibùsùn, ìdáná àti ẹ́ńjìnì jọ wà lára rẹ̀. Caravan ni yàrá onígun mẹ́rin tí ọkọ̀ ń fà. Camper trailer ni àpótí irin onítáyà méjì tí wọ́n ká àgọ́ tápólì sí. Ibùsùn àti ìdáná ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tó burú jù tí ẹ máa gbà, lẹ́yìn náà ẹ wo ìwúwo.

Bí ìrìn yín ò bá kúrò lórí títì ọ̀dà, bíi Great Ocean Road ní Victoria, kò sí èyí tó tó motorhome. Ẹ dé ibùdó, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbé omi kaná. Ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ kékeré níbẹ̀ gba ọkọ̀ tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ ò ju 4,500 kg lọ, ọ̀pọ̀ motorhome ni kò sì kọjá ibẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí búrẹ́dì bá tán, odidi ilé ló ń lọ ra búrẹ́dì. Èyí tí wọ́n kọ́ sórí ọkọ̀ akẹ́rù Fiat Ducato, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí; tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà á sì máa yí lójú kan lórí koríko tútù. Àwọn tó ń fi motorhome háyà sì sábà máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ò gbọdọ̀ gbé e kúrò lórí ọ̀dà, àfi ọ̀nà kúkurú tó wọ ibùdó.

Caravan dára fún ẹni tó fẹ́ jókòó pẹ́ lójú kan: ẹ tú u sílẹ̀, ọkọ̀ yín á ráyè lọ sí ibi tó wù yín. Ìwúwo ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ wo àwo irin ara rẹ̀: Tare ni ìwúwo rẹ̀ lófìfo, ATM ni ìwúwo tí kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Ká ní Tare jẹ́ 2,100 kg, ATM jẹ́ 2,500 kg: 400 kg ló kù fún yín. Táńkì omi méjì tó ń gba lítà 95 lọ́kọ̀ọ̀kan ti kó 190 kg nínú rẹ̀. Ẹ ka gáàsì, bátìrì kejì, àga, aṣọ, ìkòkò àti oúnjẹ, ẹ ó rí i pé kò pẹ́ tán.

Ọkọ̀ tó ń fà á náà ní ìṣirò tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìpolówó ti ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á ní ó lè fa 3,500 kg. Bí GCM rẹ̀, ìyẹn àròpọ̀ ìwúwo ọkọ̀ àti ohun tó ń fà tí kò gbọdọ̀ kọjá, bá jẹ́ 6,000 kg, tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú èrò àti ẹrù sì ti pé 3,100 kg, 2,900 kg péré ló lè fà. Ẹ gbé méjèèjì lọ sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá nígbà tí omi, epo àti ọmọ pé sínú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ìwúwo tó bá tẹ orí bọ́ọ̀lù ìfàkọ̀, ìyẹn irin róbótó ẹ̀yìn ọkọ̀ tí caravan so mọ́, yẹ kó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo caravan. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, caravan á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù sọ́tùn-ún sósì lórí eré. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀ lójijì, ẹ má sì máa yí ọwọ́ kiri. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ bíréèkì caravan láti ara kọ̀ntírólà tó wà lọ́dọ̀ dírẹ́bà. Èyí tí GTM rẹ̀, ìyẹn ohun tó sinmi lórí táyà tirẹ̀, bá ju 2,000 kg lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì ní gbogbo táyà rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó máa fa bíréèkì náà fúnra rẹ̀ bó bá já kúrò lára ọkọ̀.

Gibb River Road ní Kimberley, lápá àríwá Western Australia, nǹkan bí 660 km, ni camper trailer ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ojú ọ̀nà náà rí bíi páànù òrùlé ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó ń gbọn ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀, nọ́ọ̀tì á tú, ṣọ́ọ̀kì á gbóná títí á fi máa da ọ́ìlì. Afẹ́fẹ́ tó le jù nínú táyà ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo 40 psi lórí ọ̀dà, ẹ sọ ọ́ di bíi 28 sí 30, kí ẹ sì dín eré kù. Nínú yanrìn jíjìn, ẹ lè dé 18. Ẹ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré lórí ọ̀dà, torí táyà rírọ̀ lórí eré á gbóná, á sì bẹ́. Ẹ máa dúró lóòrèkóòrè, kí ẹ fi ọwọ́ kan họ́ọ̀bù táyà àti ṣọ́ọ̀kì. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ń kìlọ̀ fún yín.

Kí ẹ tó wọ odò, ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀bù tutù díẹ̀. Irin gbígbóná tó bá wọ omi tútù lójijì máa ń fa omi mọ́ra, gírísì inú bẹ́ríìnì á sì funfun bíi wàrà. Ní odò Pentecost, tó wà lójú ọ̀nà Gibb River yìí, ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ omi láti wọn jíjìn rẹ̀. Ọ̀nì ń gbé níbẹ̀.

Àgọ́ tápólì tuntun, ẹ bu omi rin ín dáadáa kí ẹ tó gbé e rìn, kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òwú lè wú dí ihò abẹ́rẹ́. Bí òjò bá mú un lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ ṣí kúrò, ẹ lè ká a ní tútù, ṣùgbọ́n ẹ tú u síta láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébu á bò ó.

Fún ìdílé tó ní ọmọ méjì, tó fẹ́ dé Kimberley, camper trailer onílẹ̀ líle tó ń ṣí síwájú ni mo fara mọ́. Kò wúwo bíi caravan, ẹ ò sì ní máa tẹ́ rọ́bà sórí ẹrẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó lọ gun àkàbà ibùsùn rẹ̀ wò nílé olùtajà ná, kó gùn ún sókè, kó sì tún sọ̀ kalẹ̀, kó tó sanwó.