Ọ̀tá Kì í Ní Ètò Bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lágere n'Ilé-Ifẹ̀ àti àyíká rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ oṣù méjì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọdún 2008 ni. Mò ń táìpù ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi nígbà náà. Bàbá kan gbé nóòtù mẹ́ta wá, ẹsẹ Ifá ló kún inú wọn bámúbámú. Babaláwo ni bàbá, ilé wọn kò jìnnà sí Òkè-Ìtasẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ kí ojú àwọn tó ṣú jù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo fi àmì ohùn sí, torí bàbá kì í gbọ́ àwáwí. Lọ́jọ́ tí mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, wọ́n ní, "Ọmọ mi, igbá la fi ń bu omi, igbà la fi ń gun ọ̀pẹ. Èwo lo fẹ́ kí n gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ níbẹ̀ yẹn?"

Fọ́ńtì tí a ń lò, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa rí lójú ẹ̀rọ, ọ̀gá mi ló fowó rà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan iná dé tagbáratagbára, kọ̀ǹpútà náà sì jóná. Mi ò kọ́kọ́ bẹ̀rù, fáìlì ṣáà wà lórí fláàṣì. Mo ki fláàṣì náà bọ ẹ̀rọ míì, mo ṣí fáìlì. Ibi tó yẹ kí n rí ẹ, § ni mo rí. Ibi tó yẹ kí n rí ọ, ¶ ló dúró síbẹ̀. Bàbá wà lẹ́yìn mi, wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, "Ta ló kọ èyí?"

Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀gá mi. Wọ́n ní kí gbogbo wa dìde, pé ọwọ́ ọ̀tá ti wọ iṣẹ́ náà. Bàbá ní tiwọn ní àwọn á lọ bi Ifá. Mo ṣe àmín, mi ò sì tijú àmín náà títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi nóòtù wé ojú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Kò sí ibì kan tí ẹ kò ti di §. Ẹyọ kan ò yẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wí fún ara mi pé ọ̀tá kì í ní ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ bákan náà láìyẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣeé wá.

Ìdí náà rèé. Láyé ìgbà yẹn, àyè 256 péré ni irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀ ní fún lẹ́tà àti àmì. Lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù ti gba ibẹ̀ kún, kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Ẹni tó ṣe fọ́ńtì bá lé àmì kan kúrò nílé rẹ̀, ó ya ẹ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà ẹ rárá. Nọ́ńbà 167 ló tọ́jú. Tí fọ́ńtì bá ti sọnù, ẹni tó ni ilé 167 tẹ́lẹ̀ á padà wá jókòó sílé rẹ̀, § nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣàlàyé 256 yìí fún bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Odù Ifá náà nìyẹn." Òótọ́ ni, 16 lọ́nà 16. Mo ti gbọ́ táwọn ọ̀dọ́ ń fi èyí yangàn pé Ifá ló kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Èmi kì í bá wọn sọ ọ́, Ifá ò wá sátífíkéètì lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ yàtọ̀. Tí babaláwo bá tẹ Èjì Ogbè sórí ìyẹ̀rosùn, ìlà ẹyọ kọ̀ọ̀kan mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọmọ awo tó bá dé láti Iléṣà, láti Kúbà tàbí Bùràsíìlì á mọ̀ ọ́n. Kò ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó mọ̀ ọ́n. Àkọtọ́ Yorùbá náà rí bẹ́ẹ̀: láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ń pè ní CMS ti ṣèpàdé lé e lórí l'Ékòó ní 1875 la ti ń tún un ṣe, síbẹ̀ ẹnì kan ò gbowó lọ́wọ́ wa rí ká tó kọ ṣ. Ìlànà gbangba ni mò ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Unicode ni ìlànà gbangba fún lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Ó fún lẹ́tà ẹ ní ilé tirẹ̀, 1EB9. Ọ wà ní 1ECD, ṣ ní 1E63. Mo to orúkọ àwọn àmì tó ti dàrú sójú ìwé kan, mo kọ lẹ́tà tó yẹ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta pààrọ̀ gbogbo wọn. Ọ̀gá ní àdúrà ló gbà. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ẹ má rò pé wàhálà tán síbẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo wá "ẹ̀kọ́" nínú fáìlì gígùn kan, ẹ̀rọ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ojú mi ń rí i lójú ìwé kìíní. Lẹ́tà ẹ̀ tó ní àmì ohùn lórí kò ní ilé kan ṣoṣo tirẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn lé e. Ẹnì kan á tẹ lẹ́tà ẹ kó tó fi àmì lé e. Ẹlòmíì á tẹ è kó tó fi àmì sísàlẹ̀. Ẹlòmíì á tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Ọ̀kan náà ni lójú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀rọ. Ẹ máa sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ètò Unicode tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà títẹ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ wọlé. Èyí gan-an ló ń fi àkókò àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣòfò jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ti irú fáìlì kò le: ODF, irú fáìlì tí èèyàn lè ṣí kó sì tún kọ, ti di ìlànà ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, láti 2006, PDF láti 2008. Ẹ máa fún oníbàárà ní ọ̀kan nínú wọn mọ́ èyíkéyìí tó bá béèrè.

Kì í ṣe lẹ́tà nìkan ni ìlànà gbangba wúlò fún. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa. Ọmọbìnrin kan tó ń ta àdìrẹ létí ṣọ́ọ̀bù wa, orí Twitter ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà. Kò ní nọ́ńbà ẹnì kankan nínú wọn lọ́wọ́. Ó sunkún lórí àga mi. Àwọn kan ń lo VPN, ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n fi ń dé ibi tí wọ́n tì pa, òun ò tíì mọ̀ ọ́n. Títí wọ́n fi ṣí i ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, ímeèlì mi ń wọlé, ó ń jáde. Kò sí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ìjọba lè dì fún ímeèlì: láti 1982 ni ìlànà tó fi ń rìn ti wà níta gbangba, ẹni tó bá lágbára lè gbé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́, tirẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá gé nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní oṣù keje 2022 ní ìjọba ṣẹ̀ sófin, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdájọ́ ò dá oníbàárà ọdún tó kọjá padà. Ìwé nọ́ńbà fóònù la kọ́kọ́ jọ ṣí fún ọmọ náà.

Bàbá babaláwo ti papòdà. Lọ́dún tó kọjá ọmọ wọn tó wá láti òkè òkun yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè fáìlì náà. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó bi mí fọ́ńtì wo lòun máa rà, mo ní kò sí. Ó ṣí i lórí fóònù rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ohùn rẹ̀ ò já gaara mọ́ nítorí àjò. Nígbà tó dé ibi igbà, igbà ló pè é.