Ìyẹ̀fun funfun tó dúdú mọ́ mi lọ́wọ́

Ìgò náà kò ga tó àtàǹpàkò mi. Mílígíráàmù 100 péré ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun bíi láfún. Iye tí wọ́n rà á, n kò lè sọ ọ́ létí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí wọ́n á ní ṣé wúrà ni.

Homogentisic acid ni, kẹ́míkà kan tí ara èèyàn máa ń ṣe, tí a rà fún láàbù wa. A fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n: bí a bá ti rí ibi tí ojúlówó rẹ̀ yọ sí lórí ẹ̀rọ, a ó dá a mọ̀ nínú ìtọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo pò ó. Omi sódà ló sún mọ́ mi, òun náà ni mo fà. Bí wọ́n ṣe ń lọ kírun ni iná lọ, èmi náà gba ilé lọ ní Sàmárù, ní Zaria, mo fi ìgò sílẹ̀ lórí tábìlì láìdé e. Láàárọ̀ Sátidé, àgbo jẹ̀dí ni mo bá níbẹ̀. Dúdú kirikiri!

Alàájì, ọ̀gá wa tó jẹ́ ará Ìlọrin, gbé e sókè, ó wò ó. "Ìwọ ọmọ yìí, sódà lo fi pò ó?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ò bá gbé e lọ fún àwọn aláró Kofar Mata ní Kano, wọn ì bá fún ẹ lówó díẹ̀."

Ojú tì mí, àmọ́ ohun tí mo rí yẹn gan-an ló ń dẹ́rù ba àwọn ìyá ọlọ́mọ. Èròjà kan tó ń jẹ́ tyrosine wà nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran. Bí ara bá ń tú u palẹ̀, ó ń di homogentisic acid, ẹnsáìmù kan, ìyẹn èròjà inú ara tó ń bá a gé nǹkan wẹ́wẹ́, á sì gé ìyẹn náà kíákíá. Àwọn kan wà tí ẹnsáìmù yẹn kò ṣiṣẹ́ lára wọn láti ìgbà ìbí. Alkaptonuria lorúkọ àìsàn wọn. Ìtọ̀ wọn á dúdú bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ọṣẹ tí wọ́n fi fọ ìlédìí tún ń mú àbààwọ́n náà dúdú sí i, torí ọṣẹ náà ò yàtọ̀ sí sódà tèmi. Tó bá di àgbà, dúdú yẹn á wọ kérékéré etí, á wọ oríkèé àti eegun ẹ̀yìn, ìrora á dé. Lọ́dún 1902, Archibald Garrod, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ pé òbí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò tó fẹ́ra. Wọ́n ń jogún rẹ̀ ni.

Ìyẹ̀fun tó kù wà nínú firísà báyìí, mo fi fọ́ìlì wé e. Ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń fi pò ó, ọjọ́ tí mo bá pò ó náà ni mo ń lò ó. Alàájì ò tíì yéé béèrè ní gbogbo Jímọ̀ pé: "Aláró, o ti dé ìgò ẹ?"