Ìjọ Àwọn Ará Póláǹdì ní Chicago: Nígbà tí Ilé Ìsìn Di Ìlú

Ẹni tí ó bá ń wakọ̀ gba títì márosẹ̀ Kennedy bọ̀ wá sí àárín ìlú Chicago yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì kan tí ó súnmọ́ ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè rò pé ẹni tí ó kọ́ ọ kò fara balẹ̀ wo ibi tí ó ń gbé ìpìlẹ̀ sí. Ọ̀nà ni ó wá bá ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ń wéwèé títì náà ní àwọn ọdún 1950, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì Stanislaus Kostka Mímọ́ dúró sí gan-an ni wọ́n fẹ́ là á gbà. Àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn olóṣèlú tí wọ́n jẹ́ ìran Póláǹdì kọ̀ jálẹ̀, wọn kò sì sinmi títí wọ́n fi yẹ ọ̀nà náà sí ẹ̀gbẹ́. Ní 1960 ni wọ́n ṣí i, kọ́rọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i nítorí ṣọ́ọ̀ṣì sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ni ó sì gbé mi dé Chicago. Ilé tí mo kọ́kọ́ gbà kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti ń lọ gba Míísà. N kò bá ará Póláǹdì tan, èdè wọn kò sì tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo ti ń bá wọn jókòó ni mo ń rí i pé ohun tí àwọn baba ńlá wọn kọ́ síbẹ̀ ju ilé àdúrà lọ. Ìlú ni wọ́n kọ́, nítorí pé wọ́n ti gba ìlú lọ́wọ́ wọn nílé. Ojú yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí á fi wo ohun tí wọ́n gbàgbọ́, kí á sì fi wo ìjà tí wọ́n bá ara wọn jà.

Ní 1795, Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà pín èyí tí ó kù nínú ilẹ̀ Póláǹdì láàárín ara wọn, orúkọ orílẹ̀-èdè náà sì kúrò lórí àwòrán ilẹ̀ ayé títí di 1918. Ní apá tí Prọ́ṣíà mú, ìjọba Bismarck, olórí ìjọba ibẹ̀, ń lé èdè wọn kúrò nílé ẹ̀kọ́, ó sì ń ti àwọn àlùfáà mọ́lé. Ledóchowski, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gniezno àti Poznań, wọ ẹ̀wọ̀n ní 1874. Ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí èdè rẹ̀ àti nítorí ìsìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ kò tó fún àwọn àgbẹ̀, ebi sì ń pa wọ́n. Bí wọ́n bá ń sọ ohun tí ó gbé wọn dé Amẹ́ríkà, búrẹ́dì ni wọ́n máa ń dárúkọ, iṣẹ́ tí wọ́n sì bá ní Chicago ni iṣẹ́ awọ lẹ́bàá odò, iṣẹ́ pípa màlúù àti iṣẹ́ irin.

Ní 1864, kí wọ́n tó ní ìjọ tiwọn, díẹ̀ nínú wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ Stanislaus Kostka Mímọ́. Ní 1867 ni ìjọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé ní Èkó bákan náà, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé ti ń kóra jọ gbàdúrà lábẹ́ Pa Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, kí àwọn fádà tí wọ́n ti ilẹ̀ Faransé wá tó dé bá wọn. Ní 1874 ni Fádà Wincenty Barzyński gba àkóso ìjọ ti Chicago, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1899. Ó ti kópa nínú ọ̀tẹ̀ tí àwọn ará Póláǹdì dì sí Rọ́ṣíà ní 1863, ó ti ṣiṣẹ́ àlùfáà ní Texas, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Àjíǹde, èyí tí àwọn ará Póláǹdì tí wọ́n wà ní ìgbèkùn dá sílẹ̀ ní Paris. Láàárín 1877 sí 1881 ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń wò lónìí, Patrick Keely ni ó sì ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1897, wọ́n ka nǹkan bí 8,000 ìdílé mọ́ ìjọ náà, èyí tí ó tó 40,000 ènìyàn. Míísà 12 ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, 6 lókè, 6 nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀. Owó ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń ha awọ tí wọ́n sì ń kun ẹran ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn sísítà ń darí, àwọn àlùfáà Àjíǹde sì dá ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ sílẹ̀ ní 1890, Dziennik Chicagoski. Ṣùgbọ́n báńkì ìjọ ni ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì fọkàn tán báńkì àwọn onílẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ fádà ni wọ́n ń kó owó wọn pamọ́ sí, bí ìyá ọlọ́jà ti ń gbé owó lé alájọ lọ́wọ́ láìbéèrè ìwé ẹ̀rí. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ran àwọn ìjọ Póláǹdì mìíràn lọ́wọ́ láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Barzyński kú, gbèsè ńlá ni ó já lé ìjọ lórí. N kò rò pé olè ni ọkùnrin náà. Ohun tí mo rí ni pé ìlú tí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ àlùfáà rẹ̀, tí ó jẹ́ olórí rẹ̀, tí ó tún jẹ́ akápò rẹ̀, kò lè ṣe kí ó má ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Kí Barzyński tó kú pàápàá ni ìjà ti dé. Ọ̀nà díẹ̀ péré ni ó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì yìí àti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́talọ́kan Mímọ́, tí àwọn ará Póláǹdì kan náà kọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì fi wà ní ìjà. Àwọn ti Stanislaus sọ pé ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì kò lè jẹ́ ọmọ Póláǹdì tòótọ́. Àwọn ti Mẹ́talọ́kan Mímọ́ sọ pé òmìnira ilẹ̀ baba ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí á gba gbogbo ọmọ Póláǹdì mọ́ra, ohun yòówù kí ó máa sìn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn Mẹ́talọ́kan Mímọ́ pa léraléra, títí di ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Satolli, aṣojú Póòpù, dá sí ọ̀rọ̀ náà ní 1893. Ìbéèrè tí ó le jù lẹ́yìn náà ni ti ìwé ilẹ̀: àwa ni a san owó ilé yìí, kí ló dé tí orúkọ bíṣọ́ọ̀bù ará Ireland tàbí ará Jámánì fi wà lórí ìwé rẹ̀? Ní Scranton, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí Fádà Franciszek Hodur àti àwọn èèyàn rẹ̀ yà kúrò lábẹ́ Róòmù ní 1897, tí wọ́n dá ìjọ Kátólíìkì ti orílẹ̀-èdè Póláǹdì sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe Míísà ní èdè wọn nígbà tí Róòmù ṣì ń lo Látìn. Ìjọ náà ṣì wà. Àwọn ti Stanislaus dúró pẹ̀lú Póòpù, ṣùgbọ́n wọn kò dákẹ́. 1908 ni Chicago tó ní bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Póláǹdì, Paul Rhode, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹni mímọ́ tí wọ́n sọ ìjọ ní orúkọ rẹ̀ náà ní ìtàn arìnrìn-àjò. Ọmọ ọlọ́lá ni Stanislaus Kostka. Ní 1567 ó yọ́ kúrò ní Vienna láìjẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn la Jámánì kọjá títí ó fi dé Róòmù kí ó lè di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Jésúíìtì, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́sítì 1568, ní ọmọ ọdún 17. Mo lérò pé kò ní ṣòro fún ọ̀dọ́ tí ó ti Poznań sọdá òkun láti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ará ilé.

Ìfọkànsìn wọn sí Màríà Wúńdíá sì tún jinlẹ̀ ju tiwa lọ, bí a tilẹ̀ ń pe ara wa ní ọmọ Màríà. Àwòrán Màríà ti Częstochowa, olójú dúdú, tí àpá ìdà méjì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ń gbé sí ilé. Àwọn ọmọ ogun Sweden dó ti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ níbi tí àwòrán náà wà ní 1655, wọn kò rí i gbà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ọba Jan Kazimierz búra pé Màríà ni Ayaba Póláǹdì. Nígbà tí ó yá tí kò sí ọba mọ́, tí kò sí ilẹ̀ mọ́, Ayaba yẹn ṣì wà, ó sì lè bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo máa ń rántí bí àwọn ìyá àgbà bá dúró ti àwòrán náà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ilé ni ìsìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pe oúnjẹ alẹ́ náà ní Wigilia. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan oúnjẹ títí àwọn ọmọdé yóò fi rí ìràwọ̀ àkọ́kọ́. Koríko gbígbẹ wà lábẹ́ aṣọ tábìlì nítorí ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí, wọ́n sì ń fi àwo kan sílẹ̀ fún àlejò tí a kò retí. Ẹja, ọbẹ̀ gbòǹgbò pupa, olú àti kábéèjì ni wọ́n ń jẹ. Ẹran kò sí níbẹ̀. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, olúkúlùkù yóò mú opłatek, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ó dà bí ti Míísà, yóò jẹ́ kí ẹnì kejì bù lára tirẹ̀, yóò bù lára ti ẹnì kejì, wọn yóò sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ara wọn. Ìdílé kan pè mí sí tiwọn. Ọmọ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wa, ó bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bu ọbẹ̀. Nílé tiwa, wọn ìbá ti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí yàrá.

Nígbà Lẹ́ńtì, wọ́n ń kọ Gorzkie Żale, orin arò ìjìyà Jésù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Warsaw ní 1707. Ó gùn, ó wúwo, n kò sì lè sọ pé mo gbádùn rẹ̀. Sátidé Mímọ́ ni mo fẹ́ràn. Agbọ̀n ni oníkálùkù ń gbé wá fún ìbùkún: ẹyin tí wọ́n kùn fún ìyè tuntun, búrẹ́dì fún Kristi, iyọ̀, ẹran, àti gbòǹgbò tí ó ń ta ẹnu fún ìkorò àgbélébùú. Wọn kì í jẹ ẹ́ títí di òwúrọ̀ Àjíǹde.

Àwọn Yorùbá Kátólíìkì ti mọ ìwà mímọ́ Póláǹdì kí wọ́n tó mọ̀ pé ti Póláǹdì ni. Póòpù John Paul Kejì dé Ìbàdàn ní 1982, àwòrán Jésù Aláàánú tí ìtànṣán pupa àti funfun ń ti àyà rẹ̀ jáde, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, sì ti ọ̀dọ̀ Sísítà Faustina Kowalska wá, tí Póòpù náà kéde ní ẹni mímọ́ ní 2000. Ìjọ Stanislaus ni ibi mímọ́ Àánú Ọlọ́run ní Chicago lónìí. Àwọn ará Mexico ti pọ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Póláǹdì ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú lẹ́yìn tí títì là àdúgbò náà. Míísà sì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè Spéènì àti ní èdè Póláǹdì. Àwọn àgbàlagbà kan ń kùn pé ìjọ kì í ṣe tiwọn mọ́. Mo gbọ́ wọn lágbọ̀ọ́yé, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn: àwọn tí wọ́n wá oúnjẹ òòjọ́ dé ni wọ́n kọ́ ilé náà fún, irú wọn náà ni ó sì kún inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Chicago tí ẹ sì fẹ́ rí i, Sátidé Mímọ́ ni kí ẹ wá. Ẹ gbé agbọ̀n dání. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ẹ jẹ́ ọmọ Póláǹdì. Ẹ kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì ìjọ kí ẹ lè mọ àkókò ìbùkún, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin bí ẹ bá lè ṣe é, nítorí pé àyè ìgbọ́kọ̀sí ní òpópónà Noble kò pọ̀.