Àrọ́mátéèsì àti ẹsitirójẹ̀nì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń lo letrozole fún jẹjẹrẹ ọmú, ó sì bi mí pé, “Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, ẹsitirójẹ̀nì wo ló tún kù lára mi tí wọ́n ń fi oògùn dá dúró?” Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé obìnrin tí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀ lè pa oògùn náà tì.

Ẹ́ńsáìmù kan tí à ń pè ní àrọ́mátéèsì ni ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ń sọ àwọn họ́mọ̀nù tí a mọ̀ sí ti ọkùnrin, tí ó wà lára obìnrin pẹ̀lú, di ẹsitirójẹ̀nì, ìyẹn họ́mọ̀nù tí a mọ̀ sí ti obìnrin, tí estradiol àti estrone jẹ́ oríṣi rẹ̀: ó ń sọ testosterone di estradiol, ó sì ń sọ androstenedione di estrone. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó ń gbé kí kábọ́ọ̀nù 19 tí ó wà nínú họ́mọ̀nù náà tó di 18.

Nígbà tí obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù, ilé ẹyin ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń wáyé jù lọ. Bí ilé ẹyin bá ti sinmi, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lórí kíndìnrín kò dẹ́kun láti máa pèsè androstenedione, àrọ́mátéèsì tí ó wà nínú ọ̀rá ara, títí kan ọ̀rá ọmú fúnra rẹ̀, a sì máa sọ ọ́ di ẹsitirójẹ̀nì. Ìdí nìyí tí ẹsitirójẹ̀nì fi sábà máa ń pọ̀ lára ìyá tí ó sanra ju ti ẹni tí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ.

Letrozole, anastrozole àti exemestane ń dá ẹ́ńsáìmù náà dúró, kí jẹjẹrẹ tí ẹsitirójẹ̀nì ń bọ́ má baà rí oúnjẹ jẹ. Tamoxifen, tí òun náà jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ ọmú, yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé kò dí ṣíṣe ẹsitirójẹ̀nì lọ́wọ́; ojú ibi tí ẹsitirójẹ̀nì ti ń wọlé sára jẹjẹrẹ ni ó ń dí.

Ohun tí ó ń ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ egungun. Ẹsitirójẹ̀nì ni ó ń dáàbò bo egungun, ti ọkùnrin pàápàá, débi pé àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí a bí láìní àrọ́mátéèsì tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń ga sí i lẹ́yìn ìgbà tí ó yẹ kí gíga wọn ti dúró, tí egungun wọn kò sì lágbára. Nítorí náà, àwọn oògùn tí ó ń dá àrọ́mátéèsì dúró lè sọ egungun di aláìlágbára, wọ́n sì lè mú oríkèé ara máa ro ni. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ oko yóò sọ pé àgbà ló dé, wọn yóò sì dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sìn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó tàbí ní Ìdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìrora náà fún dókítà, nítorí pé ó lè fi òmíràn rọ́pò oògùn náà, kí ẹ sì béèrè nípa àyẹ̀wò egungun.