Sálúbàtà Wọlé, Bọ́ọ̀lù Ò Wọlé

Bí sítíràíkà bá gbá bọ́ọ̀lù síta níwájú ilé tó ṣófo, kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan ò ní ti pariwo pé, "Ìyá mi àgbà á gbá èyí wọlé!" Bàbá onílé kan ò tiẹ̀ dárúkọ ìyá àgbà. "Èmi gan-an, sálúbàtà ni mo máa fi gbá a wọlé!"

Yakubu Aiyegbeni, sítíràíkà Nàìjíríà, ló ń bá wí. Ní 22 oṣù Kẹfà 2010, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Durban, ní South Africa, Ayila Yussuf tí wọ́n jọ ń gbá a fún Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀nílẹ̀ kọjá níwájú ilé South Korea. Nǹkan bíi mítà mẹ́ta péré ló kù, òpó sí òpó sì jẹ́ mítà 7.32. Yakubu gbá a síta. Kò pẹ́ sígbà náà, Yakubu yìí kan náà gbá pẹnáritì wọlé láti mítà 11! Ọ̀mì 2-2 ló já sí, Nàìjíríà sì di ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Kò yani lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù pẹnáritì dúró jẹ́ẹ́ dè ọ́ ni. Èyí tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ń sáré, ìwọ náà ń sáré, ẹ ò sì jọ ṣe àdéhùn ibi tí ẹ ó ti pàdé. Ẹsẹ̀ tí kò gbá bọ́ọ̀lù gan-an ni ọ̀gá: ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù ló yẹ kó balẹ̀ sí, kí ìka rẹ̀ kọjú sílé. Bó bá balẹ̀ sẹ́yìn, àyà á fì sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù á di èrò orí igi máńgòrò. Ọrùn ẹsẹ̀ tó ń gbá a náà gbọ́dọ̀ le. Bó bá rọ̀, bọ́ọ̀lù á tì í dànù, á máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ sídìí fún agbára: ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ ni kí o fi dí i, bí ẹni fi pátákó dínà fún adìẹ.

Bí Rashidi Yekini, sítíràíkà Nàìjíríà, ti ṣe é nìyẹn ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, 21 oṣù Kẹfà 1994. Finidi George gbé bọ́ọ̀lù kọjá lójú ilé Bulgaria, Yekini kàn fẹsẹ̀ tọ́ ọ sílé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá wọlé fúnra rẹ̀, tó ki ọwọ́ bọ àwọ̀n, tó ń ké. Ẹ ṣáà kíyè sí i pé bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ wọlé.

Ti bàbá onílé ò tò bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò fi òkúta méjì ṣe òpó fún un.

"Bàbá, ẹ bọ́ sálúbàtà yín o."

"Ẹ gbé e wá, jàre!"

Wọ́n gbé e wá. Ẹsẹ̀ òsì bàbá balẹ̀ jìnnà sẹ́yìn, àyà fì. Sálúbàtà ọ̀tún fò yọ, ó gba àárín òkúta méjèèjì kọjá fíò. Bọ́ọ̀lù bà á lójúgun, ó yí gbirigbiri lọ sídìí agbada ìyá alákàrà.

Bàbá nawọ́ méjèèjì sókè. "Góòlù!"

"Bàbá, sálúbàtà ló wọlé o!"

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni mo ti sọ láti ọjọ́ yìí? Ṣé mi ò dárúkọ sálúbàtà ni?"